Ẹ Jẹ́ Kí Nọ́ńbà Ilé Yín Wà Lórí Máàpù

“Tí ẹ bá dé ibi mọ́ṣáláṣí, ẹ yà sọ́wọ́ òsì, kí ẹ béèrè ilé Ìyá Alákàrà.” Bí a ṣe ń júwe ilé ní Ìbàdàn nìyẹn, kò sì burú lójú ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá ń rọbí ní aago méjì òru, ta ni awakọ̀ áńbúláńsì yóò bi léèrè? Ìdí rèé tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi nọ́ńbà ilé àdúgbò yín sórí OpenStreetMap.

Steve Coast ló dá máàpù yìí sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ló ń yà á, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo èèyàn. Òun ni áàpù bíi Organic Maps àti OsmAnd ń lò, àwọn yìí sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà bí ẹ bá ti gba máàpù sórí fóònù tẹ́lẹ̀.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí OpenStreetMap, kí ẹ sì gba áàpù StreetComplete sórí fóònù Android yín. Bí ẹ ti ń rìn lọ, yóò máa bi yín ní nọ́ńbà àwọn ilé tí wọ́n ti yà sórí máàpù tí kò sì ní nọ́ńbà. Ẹ wo ògiri tàbí géètì, kí ẹ tẹ ohun tí ẹ rí gẹ́lẹ́: 14A kì í ṣe 14. Ẹ má gbára lé àmì ibi tí fóònù ní ẹ dúró sí nìkan. Níbi tí ilé ti fún mọ́ra, àmì náà lè bọ́ sórí ilé kejì. Ẹ ka ilé láti ìkóríta kó lè dá yín lójú.

Ògiri wa ló ń mú iṣẹ́ yìí le. Ilé kan lè ní nọ́ńbà mẹ́ta lára: èyí tó ní NPC níwájú jẹ́ ti ètò ìkànìyàn, òmíràn jẹ́ ti àwọn oníná. Èyí tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ lè jẹ́ tiwa, nígbà tí a ń fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Nọ́ńbà tí onílé ń kọ sínú lẹ́tà ni ẹ ń wá; bí kò bá hàn, ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ kí wọn, kí ẹ béèrè.

Ní àwọn agboolé àtijọ́, ẹ ó rí nọ́ńbà tó ní lẹ́tà níwájú, ká ní SW8/214. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Irú nọ́ńbà báyìí kì í sábà jẹ́ ti òpópónà kan. Nítorí náà, bí áàpù bá béèrè òpópónà, ẹ yan pé kò sí lábẹ́ òpópónà kankan, kí ẹ wá kọ orúkọ agboolé tàbí àdúgbò. Abẹ́ àmì tí máàpù ń pè ní addr:place ni yóò bọ́ sí. Ẹ má ṣẹ̀dá orúkọ òpópónà fún un.

Ẹ má sì méfò. Pé ẹ rí 12 àti 16 kò ní kí ilé àárín wọn jẹ́ 14. Ẹ má ṣe da nọ́ńbà kọ láti orí Google Maps; òfin OpenStreetMap kò gbà á, wọn yóò sì pa á rẹ́. Orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé àti nọ́ńbà fóònù wọn kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Bí ilé yín kò bá ní nọ́ńbà, ẹ má fún un ní ti ara yín. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Bó bá sì ní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí: bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ tún un kọ gàdàgbà sára géètì, níbi tí iná ọkọ̀ yóò ti tàn án.