Yàrá Kọ̀ọ̀kan Ló Ní Ìbéèrè Tirẹ̀: Nínú Ilé Olùtọ́jú Ọmọ Kan ní Thamesmead

Ọjọ́ Sátidé ni, kò sí ọmọ ọlọ́mọ nílé, ìdí nìyẹn tí ìyá tó ni ilé fi ráyè mú wa yípo. Thamesmead la wà, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n, níbi tí èdè Yorùbá kì í ti í wọ́n létí ní ibùdókọ̀. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ìyá yìí ń gbowó tọ́jú ọmọ nínú ilé tó ń gbé. Childminder ni wọ́n ń pe irú wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nílé tirẹ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bírò.

Ẹnu ọ̀nà la ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí Ofsted, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé ìwé àti ibi ìtọ́jú ọmọdé wò ní England, wà lára ògiri níbi tí òbí kò ti ní ṣàì rí i. Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì kékeré nísàlẹ̀ rẹ̀: ìgbà tí ọmọ dé, ìgbà tó lọ, ẹni tó wá mú un.

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò tíì bọ́ bàtà tán tó fi béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mò ń bá tọ́jú ńkọ́? A ti dà bí ọmọ ìyá."

"Ṣé ó ń sanwó fún ọ?"

"Ó máa ń fún mi ní nǹkan, mà."

"Láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Lọ forúkọ sílẹ̀."

Ohun tí òfin sọ nìyẹn lóòótọ́. Ẹni tó bá ń gbowó tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 nínú ilé ara rẹ̀, fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ lójúmọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ìyá àgbà ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀ bọ́ nínú èyí, ìbáà jẹ́ ìbátan ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n àǹtí tó jẹ́ pé ìlú kan náà lòun àti ìyá ọmọ ti wá, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, àlejò ni lójú òfin. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ náà láìforúkọ sílẹ̀ lè san owó ìtanràn, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n.

A wọ pálọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kékeré, ìwé àwòrán, kápẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní. Ibí ni ìṣirò wà. Ọmọ 6 tí kò tíì pé ọdún 8 ni ẹnì kan lè mójú tó lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú wọn, mẹ́ta péré ló lè jẹ́ ọmọ tí kò tíì dàgbà tó ilé ìwé, ọ̀kan péré ló sì lè wà lábẹ́ ọdún 1. Òfin tún wọn ilẹ̀ tí ọmọ yóò máa ṣeré lórí rẹ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ní mítà 3.5 níbùú lóròó, ọlọ́dún méjì ní 2.5, ọlọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún ní 2.3.

"Mẹ́ta yẹn dáa, mà. Owó ilé á wọlé."

"Ọmọ tìẹ ńkọ́? Mélòó ni kò tíì lọ sílé ìwé?"

"Méjì."

"Wọ́n wà nínú mẹ́ta náà. Ọ̀kan péré ló ṣẹ́ kù fún ọ."

Ọ̀dọ́bìnrin náà jókòó sórí àga. Ìyá ní wọ́n lè fi kún un nígbà míì, bíi fún àbúrò ọmọ tó ti wà lọ́dọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi kún un gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí, kó sì fi hàn pé kò sí ọmọ tí ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Géètì kékeré ló wà lẹ́nu kíṣìnì. Ọ̀bẹ àti oògùn wà níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Orúkọ ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe lára fíríìjì, kí àlejò má baà máa ka ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ kò gbọdọ̀ máa jẹun kí ojú àti etí má wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ọmọdé, tí í ṣe wákàtí 12, ni wọ́n fi ń mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí oúnjẹ bá há ọmọ lọ́fun. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún un ṣe.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìbéèrè bọ́ sórí àwọn tó ń gbénú ilé. Gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 16 níbẹ̀ ni wọ́n ń wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ DBS, bóyá ó ti rúfin rí. Bí àbúrò ọkọ bá ti Ìbàdàn dé, tó sì fẹ́ máa gbé níbẹ̀, ó di dandan kí Ofsted gbọ́.

Ìyá fi ìkìlọ̀ kan kún un. Bí òbí kan bá ń rìnrìn àjò lọ sílé, tó ní kí ọmọ sùn sọ́dọ̀ childminder fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Ofsted nìkan. Àgbàtọ́ ni òfin ka ìyẹn sí, káńsù sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn láàárín wa. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, kí òyìnbó lè bá wọn gba ọmọ tọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló dàgbà bẹ́ẹ̀ ní Kent àti Sussex. Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere, àwọn kan kò bọ́ síbẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn wọn.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ padà, ọ̀dọ́bìnrin náà béèrè ibi tí ìwé ìlànà wà. Ìyá rẹ́rìn-ín. Òfin kò fi dandan mú childminder pé kó kọ gbogbo ìlànà sílẹ̀. Ohun tó ní kó ṣe ni pé kó lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé wọn fún òbí àti fún ẹni tó bá wá yẹ ilé wò. Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣe é fẹnu lásán ṣe ṣá: ìwé tí òbí fi fọwọ́ sí oògùn kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ ìjàǹbá, àti ti ẹ̀sùn. Ẹni tó bá fẹjọ́ sùn gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì láàárín ọjọ́ 28.

"Bí ọmọ bá ń ya pòkíì ńkọ́, mà? Ẹ ò lè gbá a nídìí díẹ̀?"

"Rárá o. O ò gbọdọ̀ nà án, o ò sì gbọdọ̀ fi ẹgba halẹ̀ mọ́ ọn. Bí ìyá rẹ̀ bá tiẹ̀ ní kí o nà án, ìwọ ni wọ́n máa bi."

Ọ̀dọ́bìnrin náà fa ìwé yọ, ó ń ṣírò. Àkọ́bí rẹ̀ yóò wọ ilé ìwé ní Sẹ́tẹ́ńbà. Bó bá ti jẹ́ kí ilé ìwé tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí nìkan lọmọ náà wà nílé, àyè rẹ̀ nínú mẹ́ta yóò ṣí sílẹ̀. Ó ní òun yóò dúró di ìgbà náà. Ìyá ní kó má kàn jókòó: kó lọ gba ẹ̀kọ́ pàjáwìrì, kó wá inṣọ́ránsì, kó gba ìwé ìlera lọ́wọ́ dókítà. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, kó kọ̀wé sí onílé, torí bí onílé bá kọ̀, £35 tó fẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe fún un.