Egbò Ètè Tí Ń Tẹ̀lé Ibà

Ẹ̀yin ará Ọ̀bà-Ilé, ta ni nínú wa tí kò rí i rí pé bí ibà bá lọ tán, ìléròrò wẹ́wẹ́ a sú sí etí ètè, a bẹ́, a sì di egbò tí ń ta ni bí ata? Ọ̀pọ̀ ní ibà ni ó ń jáde. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn tí a ń pè ní herpes simplex ni ó fà á, èyí tí ó máa ń bá itọ́ wọ ara wa láti kékeré, tí yóò sì ba sínú iṣan ìmọ̀lára títí ọjọ́ alẹ́; ibà, oòrùn líle tàbí àárẹ̀ ni ó sì máa ń jí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ènìyàn bílíọ̀nù 3.8 tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún ni ó ní in lára. Kì í ṣe ohun ìtìjú rárá.

Kékeré ni a ti í pẹkàn ìrókò: bí ètè bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún ni, kí a fi ìpara acyclovir pa á nígbà 5 lójúmọ́. Ó sábà máa ń jinná láàrin ọjọ́ 10.

Ẹ má ṣe tú u, ẹ máa fọ ọwọ́, ẹ má sì ṣe fẹnu ko ọmọ tuntun, nítorí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Bí ó bá kan ojú, tàbí tí kò san, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.