Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé nọ́ọ̀sì tí ara rẹ̀ le koko lè ti kó Kòrónà?

Bẹ́ẹ̀ ni o! Ẹ̀yin ará Ìbèsè, Ìlaró àti Ayétòrò, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ni ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ bá àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà wá, ní oṣù kejì 2020.

1. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ ẹni tó ti kó Kòrónà, kí ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀?
Bí kòkòrò bá wọ ara, ara á pèsè èròjà tí yóò bá a jà. Àìsàn lè ti lọ tán, kí èròjà náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

2. Ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kò ṣàìsàn wò. Ó lé ní 40 nínú 100 tí wọ́n bá èròjà náà lára wọn! Láàárín ará ìlú l'Ékòó, ìwádìí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, lọ́dún 2020 rí i lára nǹkan bíi 23 nínú 100.

3. Kí ló fà á tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera?
Ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀, tó ń gbẹ̀bí, kò lè jìnnà sí aláìsàn. Aláìsàn ibà àti ti Kòrónà sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, torí ara gbígbóná ni àwọn méjèèjì gbé wá. Bí ìbòmú bá wá wọ́n ńkọ́?

4. Ẹni tó ní èròjà yìí ṣì lè tún Kòrónà kó. Èròjà náà ń dínkù ni.

Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ lo ìbòmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí yín lórí WhatsApp.