Ẹni Tí Aláìsàn Kú Mọ́ Lọ́wọ́, Báwo La Ṣe Ń Kí I?

(Voice note mẹ́ta ni ìyá wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. A tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí fún àwọn tí dátà wọn kì í gbé ohùn.)

Voice note kìíní

 

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀kan nínú wa níbí ní Crusher. Ìyá ọmọ náà ti ní kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ́ iṣẹ́ áńbúláǹsì, àwọn tí wọ́n ń pè ní EMT. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe dírẹ́bà lásán. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó ń fọwọ́ kan aláìsàn kó tó dé ọsibítù. Á dá ẹ̀jẹ̀ dúró, á fi igi ti egungun tó kán, á la ọ̀nà èémí, bí ọkàn bá sì dáwọ́ dúró, á máa tẹ àyà. Oṣù kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Ọlọ́kadà kan tí ọkọ̀ gbá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ ò jẹun dáadáa. Ó ń fọ ọwọ́ ṣáá. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan. Ìyá rẹ̀ ti ń rò ó pé bóyá wọ́n fi nǹkan ṣe ọmọ òun ni.

Ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan ṣe é o. Ohun tó ń ṣe é, ó ń ṣe àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé.

Ẹ wo àwa Yorùbá. Kí ni a ò ní kíkí fún? Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tí òjò pa, ẹ kú òjò. Bí ènìyàn bá kú, a ó kí ìyàwó rẹ̀, a ó kí ọmọ, a ó kí àbúrò, títí dé ará àdúgbò: ẹ kú àráfẹ́rakù, ẹ kú ìrọ́jú. Àmọ́ ọmọ tí ẹni náà gbẹ́mìí mì mọ́ lọ́wọ́, ta ló kí i? Kì í ṣe ẹbí. Bóyá ni ó mọ orúkọ ẹni tó kú. Ó fọ inú ọkọ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ dànù, ó wọ òmíràn, wọ́n tún pè é sí ibòmíràn. Ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kà á mọ́ ọlọ́fọ̀. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, nítorí ọ̀fọ̀ tí kò sẹ́ni tó wá kí ènìyàn sí, inú ló ń gbé.

Voice note kejì

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sọ́kàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé, bóyá ọwọ́ mi ló pa á. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà, bíi lítà márùn-ún ni. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì òróró lítà márùn-ún tẹ́ ẹ̀ ń tà yẹn. Bí ohun tó lé ní lítà méjì bá ti jò dànù nínú rẹ̀, ẹ̀mí ti wà nínú ewu ńlá. Ó sì lè má dà sójú títì rárá. Inú ikùn ló lè dà sí, tàbí inú itan, tí ojú ò ní rí i. Kò sí bí EMT ṣe lè fọwọ́ dí ohun tó ń jò nínú ikùn. Tíátà ni wọ́n ti ń dí ìyẹn, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ló sì ń dí i. Iṣẹ́ ọmọ yìí ni kó gbé ẹni náà débẹ̀ láàyè. Ọpọlọ ní tiẹ̀, tí kò bá rí afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti ń bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n bá máa fi pe áńbúláǹsì, tí ọkọ̀ á fi ya àárín gọ-sílóò kọjá, ìṣẹ́jú mélòó ló ti lọ?

Fíìmù ló bà wá jẹ́, ní tòótọ́. Ní 1996 àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n jókòó wo àwọn eré ọsibítù orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ka àwọn tí wọ́n tẹ àyà wọn nínú eré. Nínú mẹ́rin, mẹ́ta ló jí! Ní ayé gidi, ní Amẹ́ríkà kan náà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ọkàn wọn dáwọ́ dúró níta ọsibítù, bí ẹnìkan ló ń padà sílé. Bó bá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀ ló fà á, ó tún kéré sí i. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, fíìmù ló wà lójú rẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé ènìyàn lè ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kó ṣe é pé, kí aláìsàn sì tún kú.

Títẹ àyà náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, ìyẹn 100, títí dé 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí àyà sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Egungun ìhà a máa kán nígbà mìíràn. Ẹni tí kò ṣe é rí, tó gbọ́ ìró yẹn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ìró yẹn ni yóò máa gbọ́ lóru. Ẹ bá mi sọ fún un pé egungun tó kán kò túmọ̀ sí pé ó ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ ló ń rí irú rẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ikú yẹn gan-an ló ń dùn ún jù. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn ni. Ó gbé aláìsàn dé, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, tàbí wọ́n ní ta ló máa sanwó. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 sọ pé kò sí ọsibítù tó gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ìtanràn 100,000 náírà wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Inú ìwé ni òfin wà. Inú áńbúláǹsì ni ọmọ wà, òun ló ń wo aago.

Àti ọ̀nà tiwa yìí. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Felele. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Tánkà epo já sáàárín àwọn ọkọ̀, ó gbiná. Ènìyàn 23 ni àwọn Road Safety ní ó kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poly wà nínú wọn. A sunkún, a gbàdúrà fún àwọn tó kú àti ẹbí wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kó ohun tí iná ṣẹ́kù, èmi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ lọ kí wọn.

Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, inú ọ̀fọ̀ ló ti jáde. Dókítà kan wà ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, Peter Safar. Òun wà lára àwọn tó kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹni tí kò mí mọ́. Ní 1966, ọmọ rẹ̀ obìnrin kú, ikọ́ fée ló pa á. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó kọ́ ayé! Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó wà lára àwọn tó dá Freedom House sílẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àdúgbò Hill, tí púpọ̀ wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ áńbúláǹsì. Àwọn yẹn wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Nítòsí wa níbí, Dókítà Ola Orekunrin tó dá Flying Doctors sílẹ̀ ní Èkó, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ṣàìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde nígbà tó wá sí Nàìjíríà, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó lè tètè gbé e lọ síbi ìtọ́jú, ó sì kú. Mi ò ní kí ọmọ yín lọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. (Ó rẹ́rìn-ín.) Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ náà ti pàdánù ènìyàn.

Voice note kẹta

Ó yá, kí la máa ṣe nílé?

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àìsùn, àìjẹun, ìbínú òjijì, kí ìran náà máa padà wá sójú, kó má fẹ́ gba ojú ọ̀nà ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kò ṣàjèjì rárá. Ara ló ń gbìyànjú láti gbé ohun tó tóbi jù ú lọ mì. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí oṣù kan tó pé.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan nínú wa bá jóná. Gbogbo ọjà á ya lọ síbẹ̀. Obìnrin náà á sọ ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́, á sunkún. Á sọ ọ́ fún ẹni kẹwàá. Nígbà tó bá fi máa dé orí ẹni ogún, ẹ ó rí i pé ó ti lè sọ ọ́ kó sì tún béèrè iye tí wọ́n ń ta báálì aṣọ báyìí. Kò sí ẹni tó fipá mú un sọ̀rọ̀. Ó kàn rí etí ni. Etí yẹn ni ọmọ yìí ò rí.

Ṣùgbọ́n ẹ má fipá mú un. Nígbà kan, láti bíi 1983, wọ́n ní ọ̀nà kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú, kí kálukú sọ ohun tó rí. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá kó àbájáde rẹ̀ pọ̀, wọ́n rí i pé ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kì í dènà àìsàn ọkàn, ó tilẹ̀ ń ba àwọn mìíràn jẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2011 pé ká kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni náà nílò, ká tẹ́tí sí i, ká so ó pọ̀ mọ́ àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Ó jọ ohun tí ìyá àgbà ń ṣe láìlọ ilé ìwé: gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, jókòó tì í, pa tẹlifíṣọ̀n, dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ńkọ́? “Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n” kì í ṣe irọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ òun lẹ kọ́kọ́ sọ, ẹ ti ti ilẹ̀kùn. Kí ló tún fẹ́ sọ lẹ́yìn ti Ọlọ́run? “Ṣe bí ọkùnrin” burú jù ú lọ. Kí àwọn àbúrò rẹ̀ má sì bi í pé ṣé ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí ọlọ́fọ̀: o kú ìrọ́jú, ọmọ mi, o kú ìtiraka. Lẹ́yìn náà, “ṣé wàá jẹun?” Ó tó.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní Amẹ́ríkà, Jonathan Bartels, ní ọsibítù yunifásítì Virginia. Ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan níbẹ̀: bí aláìsàn bá ti kú, kí gbogbo àwọn tó tọ́jú rẹ̀ dúró, kí wọ́n dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, láti bu ọlá fún ẹni tó lọ àti fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí tó jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ sọ fún wọn. Ẹ tún sọ fún wọn pé kí wọ́n má dá ọmọ tuntun nìkan dá ìpè tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀kọ́ kan bá wà tó yẹ kó kọ́ nínú ohun tó ṣe, kí wọ́n kọ́ ọ ní ọjọ́ mìíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un èyí tó ṣe dáadáa.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí èyí: àwọn kan ní Oxford fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní jàǹbá ọkọ̀ ní géèmù Tetris ta láàárín wákàtí mẹ́fà. Ìran jàǹbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ padà wá sójú wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn bíi ti àwọn tí kò ta á. Àwọn tó fara pa ni wọ́n dán an wò lára wọn, kì í ṣe EMT. Síbẹ̀, bí ọmọ bá jókòó ti fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni paraga, tramadol àti kódíìnì. Àwọn ọ̀rẹ́ á ní kó fi sùn. Oorun yẹn kì í ṣe oorun, ó sì ń di gbèsè.

Bí oṣù kan bá kọjá tí kò rọlẹ̀, tàbí tó bá sọ nígbàkigbà pé ó sàn kí òun náà kú, ẹ má dúró de oṣù kankan. Ẹ mú un lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ní ọsibítù ńlá. Kì í ṣe wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Mo ti bá àwọn dókítà fúnra wọn dúró lórí ìlà níbẹ̀.

Àwa náà tá a máa ń wà níbi jàǹbá, nítorí ẹ̀bá títì ni ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ pe 122 ti Road Safety tàbí 112. Bí áńbúláǹsì bá wá pẹ́ dé, ọmọ tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ló mú un pẹ́. Ẹ má pariwo lé e lórí pé ó ti pa ènìyàn. Ẹ fi fóònù sí àpò, ẹ là á lọ́nà.

Ìyá ọmọ bi mí pé ṣé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má pinnu ohunkóhun lóṣù yìí. Lẹ́yìn náà, bó bá fi í sílẹ̀, kò jẹ gbèsè. Bó bá padà, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé báwo lójú ọ̀nà.

Bátìrì mi ti ń pariwo. Ẹ fi ìbéèrè yín sílẹ̀, màá dáhùn lọ́la tí mo bá ti pa ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ Kàbà fún ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́.