Àtúnṣe Ibi Tó Pá Lára Koríko Àyíká Ilé ní Ìlú Minna

Koríko tí a gbìn sí iwájú ilé kì í ṣe fún ẹwà nìkan ní Minna, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger láti ọdún 1976. Òun ni ó ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ, òun náà ni kì í jẹ́ kí eruku ìgbà ọyẹ́ bo inú ilé. Nítorí náà, ibi tó bá pá, ìyẹn ibi tí koríko ti kú tí erùpẹ̀ sì hàn síta, kò yẹ ní fífojú fò.

Ohun àkọ́kọ́ tí onílé gbọ́dọ̀ wádìí ni ohun tó fa pípá náà, nítorí bí ohun tó pa koríko àtijọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, yóò pa tuntun náà. Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò Minna jẹ́ yangí, ìyẹn ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ tí í gan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kò bá wọ ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò pàápàá, ó ti le jù fún gbòǹgbò. Bí pípá náà bá tò tẹ̀lé etí òrùlé, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni ó ń gbẹ́ ẹ, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó sì yẹ kí a dà síbẹ̀, kì í ṣe koríko. Bí ó bá lọ tààrà láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ èèyàn ni, ó sì sàn kí a to òkúta pẹlẹbẹ sí ojú ọ̀nà náà. Ibi tí epo ọkọ̀ tàbí àjẹkù sìmẹ́ǹtì bá ti bàjẹ́, a ní láti wa erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, kí a sì fi òmíràn dípò.

Òjò Minna kò rí bíi ti Ìbàdàn tàbí Èkó, níbi tí òjò ti máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, tí í ṣe oṣù kẹjọ. Ní Minna, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Igbe, tí í ṣe oṣù kẹrin, ó máa ń pọ̀ jù ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, ó sì máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn: ìparí oṣù karùn-ún sí òpin oṣù keje ni àsìkò àtúnṣe, nítorí òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró, koríko tí a bá sì gbìn pẹ́ kì í fìdí múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Oríṣi koríko méjì ni ó wọ́pọ̀. Koríko Bahama, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Cynodon dactylon*, fẹ́ràn oòrùn ó sì lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe dáadáa lábẹ́ òjìji. Koríko kápẹ́ẹ̀tì, *Axonopus compressus*, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ni ó yẹ abẹ́ máńgòrò àti dóńgóyárò, bí a bá lè máa bomi rin ín.

Láti tún ibẹ̀ ṣe, a ó fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sísàlẹ̀, a ó ṣa òkúta rẹ̀ kúrò, a ó sì po ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn, nítorí èyí tó bá ṣì tutù a máa jó gbòǹgbò. A ó gé ìtàkùn koríko kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin; oríkèé ni ibi tí gbòǹgbò àti ewé tuntun ti ń yọ. A ó ri oríkèé méjì mọ́lẹ̀, a ó jẹ́ kí ìyókù yọrí, a ó sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sí àárín wọn. Lẹ́yìn náà, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, a ó sì bomi rin ín.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ gbẹ. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, a ó bomi rin ín. A ó máa fa gbégi àti àwọn èpò mìíràn tu ní kékeré. Nígbà tí koríko náà bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 8, a lè gé e, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà ọyẹ́, koríko Bahama a máa pọ́n bí ẹni pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ ni ìtàkùn rẹ̀ ṣì ń bẹ láàyè nínú ilẹ̀. Kí onílé fa díẹ̀ tu kí ó sì ṣẹ́ ẹ: bí inú rẹ̀ bá funfun tí ó sì lómi, ó yè. Kí ó fi igi kéékèèké sàmì sí àwọn ibi tó fura sí, kí ó sì fi ọkọ́ sílẹ̀ títí òjò yóò fi rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí kò bá rúwé nígbà náà nìkan ni ó nílò àtúnṣe.