Wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì sábúlé yín? Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ omi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá lónìí, tó dé Ìbàfọ̀ àti Mọ̀wé, á rí i pé ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo nígbà kan ti di ilé. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí lápá Ìbẹ́jú-Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́. Bí ìròyìn bá ti dé pé àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí etí abúlé, ọ̀rọ̀ a di àríyànjiyàn. Àwọn ọ̀dọ́ a ní kí wọ́n máa bọ̀, torí iṣẹ́ á wà, ọ̀nà á dáa, iná á sì dé. Àwọn àgbà a ní àwọn ò gbà. Kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa pe àwọn àgbà ọ̀hún ní ọ̀tá ìlọsíwájú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí èèyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń kọ̀ ń sọ, á rí i pé ọ̀rọ̀ ìlera ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni pé ariwo ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà tí katapílà bá sì ti dé ni wọ́n tó ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ omi ló ṣáájú

Omi kànga lọ̀pọ̀ abúlé ń mu. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì mọ ààlà. Èyí tó wà lábẹ́ kànga ìyá àgbà náà ló wà lábẹ́ ẹ́sítéètì. Bí igba ilé bá gbẹ́ igba bọ́ọ̀hóòlù, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi látàárọ̀ dalẹ́, kànga tí kò jìn lè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Èkejì ni sọ́kàwéè. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìlera ń lò ni pé kí àlàfo àárín ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè àti kànga má dín ní mítà 30, kí ìsàlẹ̀ ihò náà sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà. Pulọ́ọ̀tì kan lápá Èkó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Ẹ wò ó fúnra yín, bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní bọ́ọ̀hóòlù àti sọ́kàwéè tirẹ̀ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, níbo ni mítà 30 fẹ́ gbà wọlé? Nílẹ̀ àbàtà, níbi téèyàn kò ní gbẹ́ jìnnà kó tó kan omi, ewu náà tún pọ̀ sí i.

Onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń tìdí omi bẹ́ẹ̀ yọ. Àwọn ọmọdé àti arúgbó ló sì tètè ń gbé ṣánlẹ̀, torí ara wọn kì í pẹ́ gbẹ. Gbogbo wa la rí bí onígbáméjì ṣe jà nípìnlẹ̀ Èkó lọ́dún 2024. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ tún gbọ́ èyí: omi tí ìdọ̀tí sọ́kàwéè bá wọ̀ lè ní èròjà tí wọ́n ń pè ní náítíréètì. Bí wọ́n bá fi po mílíìkì fún ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ. Síse omi náà ò lè mú un kúrò.

Ọ̀gbàrá àti eruku

Ilẹ̀ oko máa ń mu òjò. Páànù, kọnkéré àti intalọ́ọ̀kì kì í mu ún. Bí wọ́n bá da yanrìn sí àbàtà tó ń gba omi òjò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kọ́lé lé e, ibi tó rẹlẹ̀ ni omi á wá lọ, abúlé ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ilé alámọ̀ á wó, omi á dá rogún, ẹ̀fọn á pa ẹyin síbẹ̀, ibà á sì dé. Eruku típà tó ń kó yanrìn lóṣooṣù kò dára fún ọmọ tó ní ikọ́ fée tàbí bàbá tí àyà ń dùn, bẹ́ẹ̀ ni típà ọ̀hún ń gba ọ̀nà táwọn ọmọ ń rìn lọ sílé ìwé.

Ẹ má sì fojú kéré oko. Ibẹ̀ ni àgbà ti ń rìn tí orúnkún rẹ̀ kò fi gan, ibẹ̀ ló ti ń já ewé àti ẹ̀fọ́ tí kò fowó rà. Bí wọ́n bá gba oko lọ́wọ́ ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, owó tí wọ́n kó fún un kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ohun tí òfin sọ

Bó bá jẹ́ ìjọba ló fẹ́ gba ilẹ̀ fún ìlò aráàlú, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí wọ́n fún onílẹ̀ níwèé ìkìlọ̀. Òfin náà ní kí wọ́n san owó ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju háyà tí wọ́n bá san lọ́dún náà lọ. Nítorí náà, ẹ ka igi kòkó, ọ̀pẹ àti ọsàn yín, kẹ́ ẹ ya fọ́tò wọn.

Bó bá jẹ́ ẹbí ló fẹ́ tà, kọ́ọ̀tù kì í ka títa ilẹ̀ ẹbí sí bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí i. Ọwọ́ yín ni agbára wà nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sínú àdéhùn kówó tó dé.

Òfin mìíràn tún wà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1992. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tó tó héétà 50, ìyẹn ohun tó lé ní éékà 120, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún àyíká. Aráàlú láṣẹ láti ka àbọ̀ ìwádìí náà, kí wọ́n sì kọ èrò wọn ránṣẹ́ kíjọba tó fọwọ́ sí i.

Àwọn kan á ní kí ni ìwé fẹ́ ṣe. Òótọ́ ni pé ìwé nìkan kò tó. Ní Otodo Gbame, abúlé apẹja kan lápá Lẹ́kí, kọ́ọ̀tù ti ní kí wọ́n má wó ilé ní November 2016, síbẹ̀ wọ́n wó o láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n sì tún padà wó ìyókù lọ́dún 2017. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni kò nílé mọ́. Ní June 2017, adájọ́ dá wọn láre pé ohun tí wọ́n ṣe fún wọn kò bófin mu.  Ẹni tó bá níwèé á rí nǹkan gbé síwájú adájọ́.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa gbé lọ sípàdé

1. Níbo ni ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ máa lọ? Ṣé ojúkò kan ni, àbí sọ́kàwéè kọ̀ọ̀kan?
2. Bọ́ọ̀hóòlù mélòó ni wọ́n fẹ́ gbẹ́? Bí kànga wa bá gbẹ, ta ló máa fún wa lómi?
3. Gọ́tà yín máa da omi sí ibo? Ẹ fi hàn wá nínú àwòrán.
4. Ojú oórì àwọn bàbá wa ńkọ́?
5. Ọ̀nà wo ni típà máa gbà, aago mélòó sí mélòó?

Ẹ mú akọ̀wé kan dání tó máa kọ ìdáhùn wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan pamọ́. Bí ìdáhùn bá dáa, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ́lé wọn, torí ọmọ tiwa náà á nílò ilé. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn, a jẹ́ pé àwọn àgbà tó ń kọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.