Bokap, kuy, sabi: ẹnà àwọn ọ̀dọ́ Indonésíà

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí pé ṣé kì í ṣe ìbàjẹ́ èdè ni ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ sórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà Indonésíà dáhùn.

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1928, àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ ní Batavia, tó di Jakarta lónìí, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé Bahasa Indonesia ni èdè ìṣọ̀kan tí àwọn yóò gbé lárugẹ. Bẹ́ẹ̀, èdè tó wà nílẹ̀ ibẹ̀ lé ní 700. Ọ̀dọ́ ló gbé èdè náà ró; àwọn ọ̀dọ́ náà sì ni àwọn àgbà ń bá wí lónìí pé wọ́n ń dà á rú.

Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dà á rú o! Bapak ni bàbá. Wọ́n á gé e kù sí bap, wọ́n á ki ok bọ àárín rẹ̀, ó di bokap. Gila, ìyẹn wèrè, di gokil. Preman, ìyẹn jàǹdùkú, di prokem, tí í ṣe orúkọ ẹnà náà fúnra rẹ̀, torí ọwọ́ wọn ni àwọn ọ̀dọ́ Jakarta ti gbà á. Ṣé ẹ rántí ẹnà tí àwa náà ń fọ̀ lọ́mọdé, tí a ń ki sílébù bọ àárín ọ̀rọ̀ kí àwọn àgbà má baà gbọ́?

Àwọn ti ìsinsìnyí ń fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú ni. Bisa, "lè ṣe é", di sabi. (Sabi ti pijin wa kò bá a tan rárá o, ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni tiwa ti wá.) Yuk, "ó yá, ká lọ", di kuy. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. K tó parí yuk kì í dún bíi k lẹ́nu wọn, inú ọ̀fun ni wọ́n ti ń sé e. Nínú kuy, k náà dún ketekete. Ìyẹn ni pé ìwé ni wọ́n yí padà, kì í ṣe ohùn. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá mọ sípẹ́lì?

Lọ́jọ́ kan, ó ti pẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí ẹnà àwọn agbèrò. Mo ní kò sí èdè níbẹ̀, kó lọ wá nǹkan gidi kọ. Ó lọ kọ̀wé lórí òwe. Bó bá ń ka èyí, tí àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó gbà sílẹ̀ ní páàkì bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ wọn.